Amòye Mélòó Ló Wá Láti Ìlà-Oòrùn?

Ẹni tó bá pẹ́ nídìí nǹkan, nǹkan náà á di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí Dúrójaiyé ṣe di Bàbá Wúrà nìyẹn, ní Zaria, láti Tukur-Tukur tó ń gbé títí dé Tudun Wada tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà. Kì í ṣe pé ó ní wúrà o. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, idẹ ni. Ṣùgbọ́n odidi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ amòye tó ń gbé wúrà nínú eré Kérésìmesì ìjọ wọn. Bó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Kérésì, tí ìsìn parí, tí oòrùn wà ní àtàrí, á wọ agbádá àlàárì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, á gbé àpótí bàtà tí wọ́n fi bébà tó ń dán bí wúrà wé há abíyá, á gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé pẹ̀lú àwọn amòye méjì yòókù. Hẹ́rọ́dù á sì wò ó lójú, á bi í pé, "Níbo ni ẹ ti wá?"

Ìbéèrè yẹn ni Bàbá Dúrójaiyé ń fi ọdún kan gbáko retí.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, níbi tó jẹ́ pé bí òun kò bá na àsíá sókè, ọkọ̀ ojú irin kò gbọdọ̀ mira. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìbi í. Ìyàwó rẹ̀ ti di ará ọ̀run. Dayọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ju "Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" lọ, kò sì ní dúró gbọ́ èsì. Ní gbogbo ayé tó kù yìí, ẹnì kan ṣoṣo tó ń bi Bàbá Dúrójaiyé ní ọ̀rọ̀, tó sì ń dákẹ́ láti gbọ́ ohun tó máa sọ, Hẹ́rọ́dù ni.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ amòye. Òun ló ń gbé wúrà. Oyèládé, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ló ń gbé tùràrí. Tùràrí kò ṣòro rí ní Zaria, ọ̀rọ̀ Hausa kúkú ni. Alhaji tó ń tà á tilẹ̀ máa ń bi Oyèládé lọ́dọọdún bóyá ti inú yàrá ló fẹ́ ni àbí ti inú ìjọ. Ernest, aránṣọ, ló ń gbé òjíá. Ohun tí òjíá jẹ́ kò yé Ernest, kò sì yé ẹnikẹ́ni tó mọ Ernest, nítorí náà ìgò òróró ìpara tó ti tán ló máa ń gbé, á sì fi àtàǹpàkò bo ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Oyèládé àti Dúrójaiyé, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú. Dúró lásán ni Oyèládé ń pe Dúrójaiyé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra ni Dúrójaiyé ti ń pe Oyèládé ní ẹ̀gbọ́n, tó ń gbé Bíbélì rẹ̀ fún un tí wọ́n bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn méjèèjì á sì lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, wọn á máa jẹ ẹ̀pà, wọn á máa bú àwọn ọ̀dọ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí Dókítà Tinúkẹ́ tó dé. Dókítà ìwé ni o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọmọbìnrin tó mọ́ra, tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n kí eékún rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ó ti sọ ohun tó máa dun àgbà náà. Wọ́n fi í ṣe olórí eré ìjọ. Ìpàdé àkọ́kọ́ tó pè, nínú oṣù kọkànlá, ló ti ṣí ìwé Mátíù orí kejì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, ta ló sọ fún wa pé mẹ́ta ni àwọn amòye?"

Ernest ní, "Káàdì Kérésì ni."

"Káàdì Kérésì kì í ṣe Mátíù, sà. 'Àwọn amòye' ni Mátíù wí. Kò ka iye wọn. Ẹ̀bùn ló kà. Nígbà tí àwọn ará ìgbàanì rí i pé ẹ̀bùn jẹ́ mẹ́ta, ni wọ́n bá ní èèyàn náà á jẹ́ mẹ́ta. Àwọn ìjọ kan lápá ìlà-oòrùn tilẹ̀ ń sọ pé méjìlá ni wọ́n. Adé tí a máa ń dé sí wọn lórí, ẹ̀yìn ìgbà náà làwọn èèyàn sọ wọ́n di ọba. Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, mágọ́ì ni wọ́n pè wọ́n."

Ernest la ojú. "Magí? Èyí tí à ń fọ́ sọ́bẹ̀?"

"Mágọ́ì, sà! Àlùfáà ilẹ̀ Páṣíà àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tó ń ka ojú ìràwọ̀, tí wọ́n ń túmọ̀ àlá. Àjòjì pátápátá ni wọ́n. Ohun tí Mátíù ń sọ fún wa ni pé àlejò tó ti òkèèrè wá ló kọ́kọ́ dá ọmọ náà mọ̀, nígbà tí onílé ń sùn."

Oyèládé ní, "Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n."

Pásítọ̀ Adégbénga ni kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ariwo. Pásítọ̀ yìí kì í fẹ́ kí ìdájọ́ òun dun ẹnì kan, ìdí nìyẹn tí ìdájọ́ rẹ̀ fi máa ń dun gbogbo ìjọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Ìwé Mímọ́ kò ti kaye, ìjọ náà kò ní kaye. Ẹni tó bá wù láti jẹ́ amòye, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ha! Ta ni kò wù láti jẹ́ amòye? Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé. Olùṣọ́-àgùntàn kò sí mọ́. Àwọn tó ń ṣe àgùntàn pàápàá ti di amòye, wọ́n ní ẹnu dùn ún fi fọhùn ju kí wọ́n máa ké bẹ̀ẹ́-bẹ̀ẹ́ kiri. Jósẹ́fù náà kọ orúkọ sílẹ̀. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí òun ti ń ṣe Jósẹ́fù, àti pé láti Mátíù dé Jòhánù, Jósẹ́fù kò sọ gbólóhùn kan. Rónkẹ́ tó ń ṣe Màríà nìkan ló kù sínú ibùso ẹran pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti ń wo ìwé náà.

Ọjọ́ ìdánrawò dé. Wọ́n to àwọn amòye láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Dúrójaiyé, láàárín obìnrin kan tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọkùnrin kan tó ń dáhùn fóònù. Hẹ́rọ́dù kígbe pé, "Níbo ni ẹ ti wá?" Bàbá Dúrójaiyé fa èémí sínú. Kó tó la ẹnu, ogójì èèyàn ti dáhùn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní "Basawa", àdúgbò tó ń gbé, nítorí pé ìbéèrè náà kò yé e dáadáa.

Ó pa èémí náà mọ́ra, ó sì jáde síta.

Wahab ló gbé e lọ sílé. Ọmọ Ìlọrin ni Wahab, mùsùlùmí tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Tukur-Tukur. Ó wo ojú bàbá, ó rí i pé òjò ti ṣú níbẹ̀. Kó tó gbéra, ó pe Shalom lórí fóònù. Shalom ni ìyàwó Dayọ̀, ọmọ ìhà Kafanchan. Yorùbá tó gbọ́, ilé ọkọ ló ti kọ́ ọ, ọdún karùn-ún rèé. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni kò tíì mọ̀ tán.

Wahab ní, "Ìyàwó wa, àwọn bàbá ń bọ̀ nílé o. Inú wọn ò dùn rárá, ebi sì ń pa wọ́n, wallahi. Ẹ tètè wá nǹkan gidi sílẹ̀ fún wọn."

Táyà kẹ̀kẹ́ jò lọ́nà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó dé. Ìgbà tí wọ́n máa wọlé, ẹní mẹ́rin ló wà nílẹ̀ nínú àgbàlá, àga mẹ́sàn-án tí wọ́n yá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé tò yí wọn ká, ìkòkò túwó kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ọbẹ̀ kúkà ń yọ èéfín, adìyẹ méjì tó ń jẹ̀ láàárọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Shalom kúnlẹ̀ kí bàbá. Lẹ́yìn náà ó na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Àwọn yòókù dà?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn bàbá. Àwọn tí inú wọn ò dùn."

Wahab bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Ìyàwó! Àwọn bàbá náà nìyí."

"Ọ̀kan nìyí."

"Ọ̀kan ni wọ́n. Àwọn bàbá ni wọ́n."

Shalom dìde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Wahab, tún ọ̀rọ̀ rò. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tí o fi pè wọ́n ní púpọ̀?"

"Nítorí pé àgbà ni wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni."

"Tó! Ọ̀wọ̀ yín ti pa adìyẹ mi méjì."

Bàbá Dúrójaiyé ti fi ọwọ́ sínú omi láti bu òkèlè. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Ó ní, "Shalom, tún un sọ."

"Ẹ má bínú, sà, nítorí adìyẹ..."

"Fi adìyẹ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n pè ní àwọn. Tún un sọ."

Ó jẹ túwó ọjọ́ náà bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ìṣẹ́gun. Àwọn ará ilé wá bá a jẹ ẹ́, nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti sè kò ṣeé dà nù.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó wọ inú ìpàdé lọ, kò jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi Oyèládé, Ernest, mo kí yín. Mo ti mọ iye àwọn amòye. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n."

Ernest ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Dókítà, bí ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹnìkan pé bàbá yín ti dé, báwo lẹ ó ṣe sọ ọ́?"

Dókítà Tinúkẹ́ ní, "Màá ní, 'Àwọn bàbá mi ti dé.'"

"Bàbá mélòó lẹ ní?"

"Ọ̀kan... Ha, bàbá! Rárá o! Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀."

"Ṣé Gíríìkì mọ àgbà ni? Ẹ fi Gíríìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Gíríìkì. Bàbá àgbàlagbà kan, tó gbọ́n, tó rìn láti ìlà-oòrùn wá nítorí ọmọ ọwọ́. Ṣé Yorùbá tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé á sọ pé, 'Amòye dé, ó béèrè'? 'Àwọn amòye dé, wọ́n béèrè' la ó wí! Òwe wa tilẹ̀ sọ ọ́: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kan ni òwe wí. Kò ní kí wọ́n kó mọ́kànlélógójì jọ."

"Bó bá jẹ́ ọ̀wọ̀ ni, sà, Hẹ́rọ́dù ńkọ́? Ọba ni, Bíbélì sì pè é ní 'ó'."

"Ta ló fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Hẹ́rọ́dù?"

Pásítọ̀ Adégbénga fi ọwọ́ nu ojú. Láti ọjọ́ ìdánrawò ni kò ti gbádùn ara rẹ̀. Mọ́kànlélógójì amòye ti ń bá a jà nítorí ẹni tó máa ṣáájú. Ó wo Bàbá Dúrójaiyé bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé fún.

Ó ní, "Ẹ̀mí ló gba ẹnu bàbá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ni. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ọjọ́ orí ló sọ ọ́ di 'àwọn', ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ yìí ni yóò ṣe é."

Gbogbo ojú yí sí Oyèládé.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bàbá Dúrójaiyé ti ro ọ̀rọ̀ náà láti iwájú, ó rò ó láti ẹ̀yìn, apá ibi tí Oyèládé jókòó sí nìkan ni kò wò. Oyèládé ti ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìfẹ́ Olúwa ni kó ṣẹ. Dúró, wàá bá mi gbé àpótí náà wá sílé."

Bàbá Dúrójaiyé gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Mo dàgbà jù yín lọ."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo dàgbà jù yín lọ. Ọjọ́ orí tí mo ń sọ, ọjọ́ orí rélùwéè ni. Ti ilé yàtọ̀. Mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin."

Oyèládé gbọn ara. "Ṣé ìwọ nìkan lo ṣiṣẹ́ ìjọba ni? Èmi náà ní ọjọ́ orí ilé. Mo ti pé mọ́kàndínlọ́gọ́rin."

"Mo gbàgbé ọdún tí eéṣú jẹ oko wa, a kò kà á. Ọgọ́rin."

"Méjìlélọ́gọ́rin!"

"Àrùndínláàádọ́rùn-ún!"

Dókítà Tinúkẹ́ tó ń fi bírò ṣírò sórí ìwé ní, "Bàbá Dúrójaiyé, ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a bá fi ọjọ́ orí ìyá yín tó wà nínú ìwé ìjọ ṣírò, ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí yín."

"Ìyá mi tètè gbọ́n," ni Bàbá Dúrójaiyé wí.

Pásítọ̀ ní ó tó. Kí kálukú mú ìwé wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Oyèládé mú ìwé ìbúra kóòtù wá. Ìwé tó mọ́, tó ní òǹtẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Oyèládé ti fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ọdún 1950 ni wọ́n bí òun. Ìgbà tó fẹ́ kí ọdún òun lẹ́nu iṣẹ́ gùn sí i ló lọ búra yẹn, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á fẹ́ darúgbó. Báwo ló ṣe máa sọ níwájú pẹpẹ pé irọ́ ni òun fi Ọlọ́run pa?

Bàbá Dúrójaiyé mú káàdì ìrìbọmi wá. Ìsàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀ ló ti tú u. Eku ti bá a ṣe. Wọ́n ka orúkọ rẹ̀, wọ́n ka orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n dé ibi ọdún tí wọ́n bí i: ẹyọ kan, mẹ́sàn-án, mẹ́rin, lẹ́yìn náà ihò.

Pásítọ̀ gbé káàdì náà sókè, ó gba inú ihò náà wo ìta. Ó ní, "Ohun yòówù kí eku jẹ níbí, kò lè tó àádọ́ta. Bàbá Dúrójaiyé ló dàgbà jù."

Bó ṣe di amòye kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn yòókù padà sẹ́nu iṣẹ́ àgùntàn. Ernest, tí ìgò rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe Hẹ́rọ́dù tuntun. Oyèládé ká ìwé kóòtù rẹ̀, ó gbé Bíbélì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ìsìn ọjọ́ kejì parí, Bàbá Dúrójaiyé ra ẹ̀pà, ó jókòó sábẹ́ dóńgóyárò. Oyèládé gba ibẹ̀ kọjá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe ara wọn, kò pè é ní sà rí. Ẹ̀pà náà ku ẹnì kan, kò dùn.

Dókítà Tinúkẹ́ ní kó wá fún ìdánrawò, ó kọ̀. "Dókítà, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé wọ́n ń kọ́ ewúrẹ́ ní kíké?"

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn, wọ́n so ìràwọ̀ bébà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lókè àjà, ó ń yípo. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ojú fèrèsé. Bàbá Dúrójaiyé wọlé nínú àlàárì, òun nìkan: àpótí wúrà há abíyá, ìkòkò tùràrí ń rú èéfín lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò òjíá wà nínú àpò, ó ń gbá a létí ẹsẹ̀. Ọ̀nà náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sún mọ́ ìtẹ́. Ernest na ọwọ́ sí i.

"Níbo ni ẹ ti wá?"

Kò sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Láti ìlà-oòrùn!"

"Kí lẹ ń wá?"

"Níbo ni ẹni tí a bí ní ọba àwọn Júù wà? Nítorí à..."

Ó dúró.

Ernest retí. Ìràwọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà Tinúkẹ́ yọ orí láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Àwa ti rí ìràwọ̀ rẹ̀, sà. Àwa."

"Mo gbọ́, Dókítà. Àwa wo?"

"Bó ṣe wà nínú Mátíù nìyẹn, sà."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Ó gbé ìkòkò tùràrí sílẹ̀. "Ẹ̀yin lè pè mí ní àwọn. Ẹnu yín ni, ẹ̀kọ́ ilé yín ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àwa? Adìyẹ funfun pàápàá kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo dá dúró, mo ní 'àwa', níbi tí wọ́n wà yẹn, wọn á gbá mi létí."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn àgùntàn. Ernest ní, "Ẹ kúkú sọ pé 'èmi', kí á lè máa lọ."

"Kò sí 'èmi' nínú Mátíù!" ni Dókítà Tinúkẹ́ wí, ó sì ti jáde pátápátá báyìí. "Bàbá, àgbà kan kò lè sọ ọ́. Mo ti sọ fún yín pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ!"

Bàbá Dúrójaiyé dúró sí iwájú gbogbo ìjọ. Ìbéèrè rẹ̀ ti dé, gbogbo etí ṣí sílẹ̀ fún un, èsì sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ṣeé sọ jáde. Ó wo àwọn èèyàn. Lórí ìjókòó kẹta, Oyèládé ń ka ìwé orin. Orí ìwé orin náà wà nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

Oyèládé ṣí ojú ewé.

"Ẹ̀gbọ́n Oyèládé."

"Ta lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n?" Kò gbójú sókè. "Ṣebí ìwọ lo bí mi."

"Eku ló purọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo wí? Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

"Mo ní eku ló purọ́! Ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, kí á jọ sọ ọ́."

Oyèládé pa ìwé orin dé. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin."

Bàbá Dúrójaiyé gbé e mì. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó gbẹ̀yìn gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Hẹ́rọ́dù ti jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìtẹ́, ó ń fi adé fẹ́ ara. Oyèládé dìde, ó na aṣọ rẹ̀, ó rìn bọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbi oyè. Ìkòkò tùràrí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Ó ní, "Ta ló da èyí jó báyìí? Ti inú yàrá lo rà!" Ó gbé e. Ó dúró sí ọ̀tún, ibi tí àgbà ń dúró sí. Ernest dìde, ó dé adé padà, ó fi bí ẹni tí inú ń bí kígbe:

"Kí lẹ rí?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Àwa ti rí ìràwọ̀ rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, àwá sì wá láti forí balẹ̀ fún un."

Ó dún. Bàbá Dúrójaiyé kò mọ̀ pé "àwa" dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Dókítà Tinúkẹ́ ń ka ìka lẹ́yìn aṣọ títa, ó ń sọ fún Pásítọ̀ pé méjì náà tó, pé Mátíù kò lè rí nǹkan wí sí méjì. Pásítọ̀ ní òun kò fẹ́ gbọ́ iye kankan mọ́ láyé òun.

Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Rónkẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé wúrà kalẹ̀, wọ́n gbé tùràrí kalẹ̀, wọ́n yọ ìgò òjíá. Bí Ìwé Mímọ́ ṣe wí, wọ́n wólẹ̀, àyà lu ẹní, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ojú ayé. Àwọn akọrin kọ orin náà, wọ́n kọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n parí. Àwọn amòye kò dìde.

Oyèládé sọ̀rọ̀ sínú ẹní. "Dúró, dìde."

"Kí n dìde ṣáájú yín, ẹ̀gbọ́n? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin bíi tèmi?"

"Mo yọ̀ǹda fún ọ."

"Rárá o. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde, kí n tó lè tẹ̀lé yín."

Oyèládé ní, "Èmi ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kejì orin. Orúnkún ni kò gbà."

Bàbá Dúrójaiyé yí ojú sí apá àwọn akọrin, ó fi ọwọ́ tó wà nílẹ̀ ṣe àmì bí ìgbà tó ń na àsíá. Wọ́n tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní.